Ikùn Tí Gbogbo Ayé Ń Kí

Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà tí ìyá àgbà kan fi ààyè wọn sílẹ̀ fún mi ní gáréèjì Ìlaròó. Iwájú mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ni wọ́n jókòó sí, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń rí ààyè nà. Bí wọ́n ṣe rí mi tí mò ń bọ̀, tí mo fi ọwọ́ kan gbé ikùn mi dání, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, wọn ò gbà. Wọ́n ní, "Bọ́ síbí, ọmọ mi. Ìwọ nìkan kọ́ lò ń rin ìrìn yìí." Nígbà tí mo jókòó tán, wọ́n na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n gbé e lé mi léjìká, wọ́n ṣàdúrà: "Wàá sọ̀ ọ́ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Awakọ̀ ṣe àmín. Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Kò sí oyún kankan nínú mi. Ìfun mi ló wà níwájú mi níbẹ̀, ìfun tó gba àárín ẹran ikùn tó ti ya, tó wá jókòó sábẹ́ awọ. Họ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ènìyàn wa mọ ìpá, èyí tó máa ń wú nísàlẹ̀ ọkùnrin. Ti èmi yìí, ojú àpá iṣẹ́ abẹ ló gbà yọ.

Ọmọ méjì ni mo gbé nínú ikùn náà. Àkọ́kọ́, obìnrin, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde nítorí pé ìdí ló fẹ́ fi wáyé. Òun náà ti wà nílé ọkọ báyìí. Èkejì, ọkùnrin, kò dúró. Ọ̀sẹ̀ tí mò ń retí rẹ̀ gan-an ni ilé ọmọ mi ya níbi àpá àtijọ́. Kí wọ́n tó gbé mi dé ọsibítù, kí wọ́n tó là mí, ó ti lọ. Àwọn dókítà ìgbà náà gba ẹ̀mí mi là, mi ò sì lè gbàgbé oore wọn. Wọ́n rán ilé ọmọ náà, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lóyún mọ́ láé. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ikùn mi kẹ̀, okùn tí wọ́n fi rán an já, wọ́n tún padà rán an. Nígbà tó san, awọ pàdé. Ẹran abẹ́ awọ kò pàdé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá wúkọ́ ni nǹkan kan á yọ bí ọsàn. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó tó àgbọn. Nígbà tó yá, ó dà bí ẹni pé wọ́n dojú igbá dé sí mi lára. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, ìyẹn ni mo fi gbà á láyè.

Nígbà tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń kí mi, mo máa ń ṣàlàyé. "Oyún kọ́ o, àìsàn ni." Ojú á ti ẹni tó kí mi, á bẹ̀ mí, á sì tún wo ikùn náà lẹ́ẹ̀kejì, ìwò tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn á fẹ́ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mi ò sì lè sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láìmẹ́nu ba ọmọ tó kú. Mo wá rí i pé àmín rọrùn ju àlàyé lọ. Nínú ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, mò ń ṣe àmín. Àwọn tó mọ̀ mí kì í sọ nǹkan kan. Àwọn tí kò mọ̀ mí ń gbàdúrà fún mi. Àárín àwọn méjèèjì ni mo gbé fún ọdún púpọ̀.

Télọ̀ ni ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì ní Ayétòrò. Òun ló ń rán gbogbo aṣọ mi, kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fi tépù kàn mí. Abẹ́ ọmú ló ti máa ń ṣẹ́ aṣọ náà pọ̀, á wá jẹ́ kó ṣàn wálẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Kò fìgbà kan sọ pé ikùn mi burú, kò sì fìgbà kan sọ pé ká wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà pàápàá, a kì í sọ ọ́. Ìyá mi ní tiwọn fún mi ní ọ̀já. Wọ́n kọ́ mi pé kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kí n rọra fi ọwọ́ ti ìfun náà wọlé, kí n wá wé ọ̀já mọ́ ikùn kó le dáadáa. Ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí ni.

Àgọ́sásá ni ìyá mi ń gbé, gàrí ni wọ́n ń ṣe. Àwọn oníbàárà ń wá bá wọn láti Tubé àti láti ìhà kejì bodè, débi pé Faransé díẹ̀díẹ̀ ti wọ ẹnu wọn. Ní Sátidé kan, mo lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo, ṣùgbọ́n mo rí ìyá mi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ dé. Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá." Mo gbé e.

Mi ò tíì nàró tán tí nǹkan kan fi fà mí nínú. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ikùn náà, ó le bí òkúta. Mo tì í, kò wọlé. Èébì dé, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ìyá mi mú mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ń pe Jésù, wọ́n ń pe bàbá mi tó ti kú, wọ́n ń pe ọlọ́kadà.

Ní ọsibítù kékeré kan ní ìhà Ìpókíá, dókítà kan tí kò lè ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí fún mi lábẹ́rẹ́ tí ìrora fi rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ìhà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn náà mú. Kò fipá tì í, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó di ẹyin mú tí kò fẹ́ kó fọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí inú mi kùn gbùùrù, ìfun náà sì wọlé. Òógùn tó bo dókítà náà ju tèmi lọ.

Ó ní, "Mà, lónìí, ó gbọ́ràn. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè má gbọ́. Bí ìfun bá há síbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, á kú mọ́ yín nínú. Ẹ má jẹ́ ká dúró de ọjọ́ yẹn." Ó sọ ọsibítù ńlá tó yẹ kí n lọ, àti irú dókítà tó yẹ kí n béèrè.

Ìyá mi ò gbà. Nígbà tí ọkọ mi dé láti Ayétòrò, wọn kò tíì jẹ́ kó jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n là á lẹ́ẹ̀kíní, a rí ọmọ gbé. Wọ́n là á lẹ́ẹ̀kejì, òkú la gbé. Ẹ fẹ́ kí wọ́n là á lẹ́ẹ̀kẹta, kí la fẹ́ gbé?" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo fèsì. Mo ní, "Màmá, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ẹní yín lónìí, mi ò fẹ́ kó tún bá mi níbi tí ẹ ò sí." Wọ́n ní àwọn máa bá mi lọ nígbà náà, kí àwọn náà gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Obìnrin ni dókítà tó rí mi, kò ga, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n wúkọ́, kí n gbé orí sókè láìfọwọ́tì. Ó wá etí ẹran ikùn mi rí lápá ọ̀tún, ó wá a rí lápá òsì. Nígbà tó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí àárín, wọn kò kún ibi tó ya náà. Láti ọjọ́ tó ti wà lára mi, òun ni àjèjì àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án tí ojú rẹ̀ kò yí padà.

Ó ní, "Mà, ìfun yín ti pẹ́ níta jù. Ohun tó bá pẹ́ níta, ilé á gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀. Inú ikùn tó fi sílẹ̀ ti súnkì. Bí a bá kàn rọ́ ọ wọlé ká sì rán ẹnu rẹ̀ pa, yóò ti àyà yín lókè, ẹ ò sì ní lè mí." Ó ṣàlàyé pé ẹran ikùn wà ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Wọ́n máa tú àwọn ìpele náà kúrò lára ara wọn lápá méjèèjì, kí wọ́n lè sún wá sí àárín láti pàdé, kí ààyè sì wà fún ìfun. Wọ́n á wá tẹ́ àwọ̀n sí àárín ìpele kan àti èkejì, kí ara lè hù mọ́ ọn.

Ìyá mi ní, "Àwọ̀n?"

"Àwọ̀n ni, Mà. Ti apẹja kọ́." Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ègé kékeré kan jáde, funfun, ó fúyẹ́, ihò wínníwínní wà lára rẹ̀. Ọkọ mi ló gbà á. Ó fi í sáàárín ìka méjì, ó fà á síwájú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e sókè wo ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Bí a bá fa aṣọ tó ti gbó kó lè pàdé, ojú abẹ́rẹ́ ló máa tún ya."

Dókítà ní, "Ó máa ya. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má bàa sí ohun tí ń fà á. Bó bá ṣì ń fà, a ò ní rán an." Ọkọ mi mi orí, ó dá ègé àwọ̀n náà padà. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, torí ìgbà yẹn ló tó fẹ̀yìn ti àga.

Dókítà kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, họ́níà lè padà, ẹlòmíràn kì í sì í jí. Ìyá mi gbọ́ ìyẹn, wọ́n wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, ṣé o bímọ?"

"Mo bí, Mà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn méjèèjì."

Kí a tó délé, ìyá mi ti ní kí n gbà kó ṣe é.

Oṣù mélòó kan ni mo fi múra. Ṣúgà ara mi ga díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Mo dín òkèlè kù. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, mo dé ẹ̀yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kí n tó padà. Kí ẹ̀dọ̀fóró mi lè lágbára, wọ́n ní kí n máa fẹ́ bàlúù. Ọkọ mi ń bá mi fẹ́ ẹ, á ní kí èmi nìkan má bàa dà bí ọmọdé. Ilé wa wá kún fún bàlúù bí ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń bà wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti tì mí dé tíátà kí n tó rí dókítà náà. Ó ti wọ aṣọ tán, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi títí ó fi jáde. Mo ní, "Bí ẹ bá là mí, ṣé ẹ máa rí ibi tí ọmọ mi gbé?"

Kò bi mí pé ọmọ wo. Ó ní, "Mo máa rí i, Mà. Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni màá fi kàn án."

Nígbà tí mo jí, ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni pé àyà mi fún. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì mí láti abẹ́ ọmú dé ìbàdí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́tùn-ún lósì, omi pupa ń gbà á jáde, afẹ́fẹ́ ń wọ imú mi. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé mi ò lè mí. Ó ní, "Ẹ ti ń mí bọ̀ láti àárọ̀, Mà. Ẹ ṣáà máa bá a lọ." Bí ikọ́ bá fẹ́ wá, màá gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn, omi á sì máa dà lójú mi kí ikọ́ náà tó jáde.

Ìyá mi wọlé, wọ́n dúró, wọ́n ń wo bí aṣọ ìbora ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ lórí mi. Wọ́n ní, "Ó dà?"

Mo ní, "Wọ́n ti dá a padà sílé."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Àwọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n dìde rìn. Mo tẹ̀ síwájú bí arúgbó, ìyá mi tó jẹ́ arúgbó sì nàró gán-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ń sọ pé, "Dúsìmáà, dúsìmáà," bí àwọn oníbàárà wọn láti ìhà kejì bodè ṣe máa ń sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù gbé ọ̀rọ̀ náà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ti ń kí mi ní Dúsìmáà.

Kò lọ geere. Ibì kan lójú ọgbẹ́ náà dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ìyá mi rí i, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù, wọ́n ní, "Ó ti tún dé." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Òórùn ọgbẹ́ àtijọ́ yẹn padà sí mi nímú, bẹ́ẹ̀ kò sí òórùn kankan níbẹ̀. Dókítà wá, ó ṣí ibẹ̀ díẹ̀, ó gé awọ tó kú kúrò, ó fọ̀ ọ́. Ó fi ìka tẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ní, "Awọ ló kú, Mà. Ìsàlẹ̀ dúró." Ó pẹ́ kó tó jiná, mo ń lọ mo ń bọ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó jiná, kò sì ya.

Ìgbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ohun tí mi ò retí ṣẹlẹ̀. Mo lọ sí Ìlaròó, mo gba inú ọjà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó kí mi. Kò sí ẹni tó dìde fún mi. Mo di obìnrin kan lásán láàárín àwọn obìnrin. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá ọkọ mi nídìí máṣíìnì, mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ẹkún gbà mí. Ó dá máṣíìnì dúró. Mo ní, "Dádì, gbogbo àwọn tó ń gbàdúrà fún un, wọ́n ti dákẹ́."

Ó mọ ẹni tí mò ń sọ. Ó ní, "O ò bi mí rí ibi tí mo sin ín sí."

Lóòótọ́, mi ò bi í rí. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà nígbà náà, ibà ń mú mi, nígbà tí mo sì padà sílé, gbogbo ènìyàn ti pa ẹnu mọ́. Àṣà wa kì í fẹ́ kí ìyá mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn ilé bàbá mi ni, lábẹ́ òrombó. Mo ti rán aṣọ ìkómọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé, mi ò sọ fún ọ. Òun ni mo fi wé e."

Mo bi í pé irú aṣọ wo. Ó sọ fún mi: léèsì funfun, ó rán fìlà kékeré mọ́ ọn. Mo bi í pé ta ni ọmọ náà jọ. Ó ní èmi ló jọ, iwájú orí rẹ̀ yọ bíi tèmi. A jókòó síbẹ̀ títí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi dé, a ń sọ̀rọ̀ ọmọ wa. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀. Òrombó náà ti gbẹ, wọ́n ti gé e. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ibẹ̀. Mo dúró, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, bí bẹ́líìtì tí wọ́n fún mi ní ọsibítù láti máa dì mọ́ ikùn ṣe gbà mí láyè, mo sì dìde.

Ní báyìí, mi ò lè gbé garawa omi tó kún, mi ò sì ní gbé e mọ́ láé. Bí òjò bá ṣú, ibi àwọ̀n náà máa ń fà mí. Awọ ìsàlẹ̀ ìdodo mi kò mọ̀ bí nǹkan bá kàn án, omi gbígbóná tàbí tútù, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n mò ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ tó bá wù mí.

Ìyá mi tí kò gbà tẹ́lẹ̀ ló wá ń ròyìn fún gbogbo ẹni tó wá ra gàrí. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan wá láti Tubé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá bá mi ní Ayétòrò. Mo mọ̀ kó tó jókòó. Mo rí bó ṣe fi ọwọ́ kan gbé ikùn. Iṣẹ́ abẹ ìfun ni tirẹ̀, ó ti pẹ́. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, òun ń wo ilẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà lọ bá wa ra omi tútù wá. Nígbà tó jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo tú ìró mi, mo gbé bùbá sókè.

Ó wo àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ibi tí awọ ti kú tó sì hun jọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dùn yín?"

Mo ní, "Ó dùn mí gan-an."

"Ṣé ẹ̀rù bà yín?"

"Ó bà mí títí mo fi sùn."

Ó na ọwọ́, ó dá a dúró ní agbede méjì. Mo ní kó má bẹ̀rù, kó fọwọ́ kàn án. Ìka rẹ̀ tutù nígbà tó kan òkè ìdodo mi; nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, mo kàn ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ. Ó ní òun máa rò ó. Ọmọ rẹ̀ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìyá òun ti ní kí òun béèrè ọjọ́ tí dókítà obìnrin yẹn máa ń wà ní ọsibítù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ìyá òun tún ti ní kí àwọn kọ́kọ́ kó àgbàdo wálé ná kí àwọn tó lọ.